Ìgbàgbé ń dẹ́rù bà mí: ìdáhùn fún ìyá aláṣọ kan ní Ìbàdàn

Ìbéèrè: Ẹni ọdún 52 ni mí, aṣọ ni mò ń tà ní Gbági níbí n'Ìbàdàn. Láti bí ọdún kan ni mo ti ń gbàgbé nǹkan. Mo lè dìde nínú ìsọ̀ kí n lọ sí yàrá ìkẹ́rùsí, bí mo bá débẹ̀ tán, màá kàn máa wò ràn-ìn ni, n kò ní mọ ohun tí mo wá mú. Oníbàárà tó ti ń rajà lọ́wọ́ mi láti ọdún mẹ́wàá á dé, mo mọ ojú rẹ̀, mo mọ iye ọmọ tó bí, orúkọ ni kò ní wá. Bẹ́ẹ̀ oríkì ilé wa tí ìyá tó bí ìyá mi kọ́ mi nígbà tí n kò tíì tó ọmọ ọdún méje, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kò jábọ́ níbẹ̀. Ìyá mi ti pé ọdún 81, wọn kò dá mi mọ̀ mọ́. Orúkọ àbúrò wọn tó ti dolóògbé ni wọ́n fi ń pè mí. Ẹ̀rù ń bà mí pé ohun tó ṣe wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ lára èmi náà. Ará ìsọ̀ mi kan ní kí n lọ wá ìsọ̀yè lò. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọjà, ẹ sì kú ìtọ́jú màmá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà yín kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ èsì. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí níbẹ̀ ni pé ẹ ka gbogbo ohun tí ẹ gbàgbé fún mi lẹ́sẹẹsẹ: ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ẹni tó dúró níwájú yín, iye ọdún tí ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ẹ rántí ìgbàgbé yín dáadáa. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń jókòó ti àwọn tí iyè wọn ń lọ, ẹni tí àìsàn náà bá sì mú kì í sábà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sọ pé òun ń gbàgbé. Ọmọ ló máa ń mú un wá, tàbí ọkọ, tàbí ìyàwó. Òun fúnra rẹ̀ á ní kò sóhun tó ṣe òun. Èyí nìkan kò tó láti fi sọ pé kò séwu, mo ṣì ń bọ̀ wá sórí àyẹ̀wò tí ẹ ó lọ ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọkàn yín kọ́kọ́ rọlẹ̀ ná, torí ìpayà pàápàá wà lára ohun tó ń jí nǹkan gbé lórí ènìyàn.

Èdè wa ti la apá kan ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún wa. Bí a bá fẹ́ kí ẹnì kan tẹ́tí, kó sì la ojú rẹ̀, a ní kó fiyè sí i, ìyẹn kó fi iyè sí i. Iyè kan náà tí a fi ń rántí ni a ní kó kọ́kọ́ gbé lé nǹkan náà lórí. Ohun tí a kò bá fi iyè sí, kò wọlé rárá, a kò sì lè sọ pé a gbàgbé ohun tí kò wọlé. Bí ẹ bá fi kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ sílẹ̀ nígbà tí ẹ ń bá oníbàárà dúnàádúrà lórí fóònù, ọwọ́ ló gbé kọ́kọ́rọ́ kalẹ̀, iyè kò sí níbẹ̀. Bí ẹ bá wá a títí ní alẹ́, kì í ṣe pé iyè yín jò. Púpọ̀ nínú ohun tí ẹni tí iṣẹ́ wọ̀ lọ́rùn ń pè ní ìgbàgbé, irú èyí ni.

Ti yàrá ìkẹ́rùsí yín sún mọ́ ọn, àmọ́ kì í ṣe òun gan-an. Ká ní léèsì aláwọ̀ ewé ni ẹ ń lọ mú, ẹ mọ̀ ọ́n nígbà tí ẹ dìde. Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú iyè tó dà bí àtẹ́lẹwọ́: ohun tó lè gbà kò pọ̀, kì í sì í pẹ́ níbẹ̀. George Miller, ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ ní 1956 pé bíi nǹkan méje ni àtẹ́lẹwọ́ yìí ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó tún un wò lẹ́yìn rẹ̀ ní mẹ́rin ló sún mọ́ jù. Ní 1959, tọkọtaya kan tó ń jẹ́ Peterson fún àwọn ènìyàn ní lẹ́tà ábídí mẹ́ta péré pé kí wọ́n mú dání, wọ́n wá ní kí wọ́n máa fi mẹ́ta-mẹ́ta ka nọ́ńbà sẹ́yìn, kí wọ́n má baà ráyè máa pe lẹ́tà náà nínú. Kó tó tó ìṣẹ́jú àáyá 18, púpọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ ti dànù. Ẹ wá wo bí ó ti jìnnà tó láti ìsọ̀ yín dé yàrá ẹrù, kí ẹ ka iye ènìyàn tó ń pè yín lọ́nà pé “Ìyá aláṣọ, èló lẹ máa gbà?”

Ẹnu ọ̀nà gan-an sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Gabriel Radvansky àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Notre Dame ní Amẹ́ríkà fi hàn ní 2011 pé ẹni tó bá gba ẹnu ìlẹ̀kùn bọ́ sí yàrá mìíràn máa ń gbàgbé ohun tó gbé lọ ju ẹni tó rin ìrìn kan náà nínú yàrá kan ṣoṣo. Ọpọlọ a máa gé ọjọ́ wa sí abala-abala. Bí a bá bọ́ síbi tuntun, á ká ti ẹ̀yìn bí ẹní. Ẹ̀yin náà mọ ẹ̀rọ̀ rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan kọ́ yín. Ẹ ó padà sí ìsọ̀, ẹ ó dúró síbi tí ẹ dúró sí lẹ́ẹ̀kan, léèsì náà á sì yọ sí yín lórí. Ibi tí a ti kọ́ nǹkan wà lára nǹkan náà. Ní 1975, Duncan Godden àti Alan Baddeley ní kí àwọn òmùwẹ̀ ní Scotland kọ́ àwọn ọ̀rọ̀ kan sórí nísàlẹ̀ omi, kí wọ́n sì kọ́ àwọn mìíràn ní etí odò. Èyí tí wọ́n kọ́ nísàlẹ̀ omi, ìsàlẹ̀ omi ni wọ́n ti rántí rẹ̀ jù. Ti etí odò, etí odò ni. Nítorí náà, bí ẹ bá tún ń lọ mú aṣọ, ẹ máa pe orúkọ rẹ̀ sókè títí ẹ ó fi débẹ̀. Kò sí ìtìjú kankan níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ọkùnrin kan fún yín, torí òun ló kọ́ gbogbo àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí lọ́gbọ́n. Henry Molaison lorúkọ rẹ̀. Ní 1926 ni wọ́n bí i ní ìpínlẹ̀ Connecticut ní Amẹ́ríkà. Wárápá ń gbé e ṣánlẹ̀ lemọ́lemọ́ débi pé kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ní 1953, nígbà tó di ẹni ọdún 27, dókítà oníṣẹ́ abẹ kan, William Scoville, ṣí orí rẹ̀, ó sì yọ ẹran díẹ̀ kúrò lápá ọ̀tún àti lápá òsì ọpọlọ rẹ̀, nínú lọ́hùn-ún, ní ọ̀gangan etí. Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú ohun tó yọ ni wọ́n ń pè ní hippocampus. Ó tẹ̀ kọrọdọ, kò sì ju ìka ọwọ́ kan lọ. Wárápá náà rọlẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà títí tó fi kú ní 2008, ohun tuntun kò dúró lórí Henry mọ́.

Kò ya wèrè, kò sì di òmùgọ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ tó nítumọ̀, ara rẹ̀ yá mọ́ ènìyàn, ó rántí ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bá a jókòó sọ̀rọ̀ dáadáa, tí ẹ jáde, tí ẹ sì padà wọlé, á kí yín bí ẹni tí kò rí yín rí. Brenda Milner, onímọ̀ nípa ọpọlọ tó ń wá láti Montreal ní Kánádà, bá a ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Gbogbo ìgbà tó bá dé ló ní láti tún sọ ẹni tí òun jẹ́.

Lọ́jọ́ kan, Milner gbé ìwé kan ka iwájú rẹ̀. Wọ́n ya ìràwọ̀ sí i, ìràwọ̀ ńlá yí kékeré ká, ọ̀nà tóóró wà láàárín ìlà méjèèjì. Ó ní kí Henry fi pẹ́ńsùlù rìn lójú ọ̀nà tóóró yẹn yíká, ṣùgbọ́n kó má wo ọwọ́ rẹ̀, inú dígí ni kó ti máa wò ó. Ẹ dán an wò nílé, ẹ ó rí i: dígí á dà á rú mọ́ yín lójú, apá ibi tí ẹ rò kọ́ ni ọwọ́ á máa yà sí. Lọ́jọ́ kìíní, bí pẹ́ńsùlù Henry bá ti dé igun ìràwọ̀, á fò kúrò lójú ọ̀nà. Lọ́jọ́ kejì, ó dára díẹ̀. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, agbára káká ló fi ń ṣì í. Bẹ́ẹ̀, lójoojúmọ́, kò rántí pé òun ti fojú kan ìwé náà rí. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ iṣẹ́ náà, òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé ọwọ́ òun mọ̀ ọ́n.

Láti ibẹ̀ ni a ti mọ̀ pé iyè kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Ti ọwọ́ wà lọ́tọ̀: gèlè wíwé, ẹ̀wà ṣíṣà, irun dídì, ọ̀bẹ dídìmú. Ti ìṣẹ̀lẹ̀ àti orúkọ wà lọ́tọ̀. A sì tún rí i pé ẹran kékeré tí Scoville yọ yẹn kì í ṣe àká tí a ń kó ohun àtijọ́ sí, torí Henry rántí ìgbà èwe rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni. Òun ló ń gba ohun tuntun wọlé, tó ń mú un dúró fún ìgbà díẹ̀, tó sì ń fún àwọn apá òkè ọpọlọ ní díẹ̀díẹ̀, fún oṣù, fún ọdún, títí wọn yóò fi lè dá a dì mú láìsí i. Ojú oorun ló ti ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Láti 1924 ni John Jenkins àti Karl Dallenbach ti rí i pé ẹni tó bá kọ́ nǹkan tó sì sùn máa ń rántí rẹ̀ ju ẹni tó kọ́ ọ tó sì wà lójúfò fún iye wákàtí kan náà. Mo fẹ́ kí ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí mo ṣì máa bi yín léèrè iye wákàtí tí ẹ ń sùn.

Báwo ni nǹkan ṣe ń dúró lórí ọpọlọ gan-an? Sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ìròyìn kiri nínú ọpọlọ tó bílíọ̀nù 86, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún oríta tó ti ń pàdé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá kọ́ nǹkan, kì í ṣe pé wọ́n kọ ọ́ sínú sẹ́ẹ̀lì kan bí ìgbà tí a kọ orúkọ sára àpò. Àwọn oríta tí ìròyìn náà gbà kọjá ló ń le sí i. Tim Bliss àti Terje Lømo rí èyí lójú ara wọn nínú ọpọlọ ehoro, wọ́n sì gbé e jáde ní 1973. Eric Kandel gba ẹ̀bùn Nobel ní 2000 nítorí bó ṣe tú u palẹ̀ lára ìgbín inú òkun. Ọ̀nà oko lẹ ó fi wò ó. Ibi tí ẹsẹ̀ bá ń tẹ̀ lójoojúmọ́ kì í hu koríko. Ibi tí a gbà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kan, igbó á bò ó, bẹ́ẹ̀ oko tó wà lópin ọ̀nà lè má tíì lọ síbì kankan.

Ẹ wá wo oríkì yín lójú ọ̀nà yẹn. Ìyá àgbà kò kì í fún yín lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n dákẹ́. Wọ́n fi ń jí yín láàárọ̀, wọ́n fi ń rẹ̀ yín lẹ́kún, wọ́n fi ń yìn yín bí ẹ bá jíṣẹ́ dáadáa. Ó ní ohùn tó ń gòkè tó ń sọ̀, bí ìlà kan bá parí, ohùn rẹ̀ ló ń fa ìkejì wá. Ó so mọ́ ọwọ́ wọn tó ń rá yín lẹ́yìn. Ọ̀nà bí ogún ló wọ inú rẹ̀. Bí mọ́kàndínlógún bá dí, ẹyọ kan á kù. Orúkọ oníbàárà yín ńkọ́? Ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, nínú ariwo, nígbà tí ẹ ń ka owó.

Ọkùnrin ará Jámánì kan, Hermann Ebbinghaus, fi orí ara rẹ̀ wọn bí nǹkan ṣe ń lọ tó, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1885. Ó to sílébù tí kò nítumọ̀ jọ, ó kọ́ wọn sórí, lẹ́yìn náà ó ń wo ìrọ̀rùn tí òun máa rí bí òun bá tún wọn kọ́. Èmi yóò fi ọ̀rọ̀ èrè sọ ọ́ fún yín. Lẹ́yìn 20 ìṣẹ́jú, ìdá 58 nínú 100 ló kù nínú èrè kíkọ́ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn wákàtí kan, 44. Lẹ́yìn ọjọ́ kan, bíi 34. Lẹ́yìn oṣù kan, 21. Ẹ rí i pé wákàtí àkọ́kọ́ ló ń kó púpọ̀ lọ, èyí tó bá la ọjọ́ kìíní já máa ń rọ́kú. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé kíá lẹ gbọ́dọ̀ tún orúkọ pè, kì í ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Orúkọ sì nira ju ohun tó kù lọ, kì í ṣe fún ẹ̀yin nìkan. Ojú ní ìrísí, ó ní ẹ̀rín, ó ní aṣọ tó rà lọ́jọ́ sí. Orúkọ kàn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni, okùn tínrín kan ló so ó mọ́ ojú. Bí ẹ bá tún wá ní Fúnmi mẹ́rin láàárín oníbàárà yín, wọn yóò máa dí ara wọn lọ́nà. Nígbà mìíràn ẹ ó mọ̀ pé ó wà lẹ́nu yín, kò kàn fẹ́ jáde. Roger Brown àti David McNeill ṣe ìwádìí lórí èyí ní 1966: ẹni tí ọ̀rọ̀ há mọ́ lẹ́nu lè sọ lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó lè sọ iye sílébù rẹ̀, kó tó di pé ọ̀rọ̀ náà yọjú. Nǹkan náà wà níbẹ̀, ọ̀nà ló dí. Bí ẹ bá ń tì í, orúkọ mìíràn tó jọ ọ́ ni yóò máa wá dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ fi sílẹ̀, ẹ kí i ní oníbàárà mi, yóò wá fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń ká aṣọ. Mo gbà pé ọgbọ́n wà nínú bí àwọn ìyá wa ṣe ń pe ara wọn ní Ìyá Ìbejì, Ìyá Ṣọlá: wọ́n so orúkọ mọ́ ohun tí a ti mọ̀ nípa ẹni náà. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun kan wà tí ẹ kò bi mí, àmọ́ ọlọ́jà ni yín, kò yẹ kí n má sọ ọ́. Ìrántí kì í jáde bó ṣe wọlé. Gbogbo ìgbà tí a bá mú un jáde ni a ń tún un rán, a sì lè fi òwú mìíràn rán an láìmọ̀. Ní 1974, Elizabeth Loftus àti John Palmer fi fíìmù ọkọ̀ tó kọlu ọkọ̀ han àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n bi apá kan léèrè bí ọkọ̀ náà ṣe ń sáré tó nígbà tí wọ́n kọlu ara wọn. Wọ́n bi apá kejì bó ṣe ń sáré tó nígbà tí wọ́n fọ́ ara wọn yángá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n bi wọ́n bóyá wọ́n rí gíláàsì tó fọ́ nílẹ̀. Nínú 50 tó gbọ́ “fọ́ yángá,” 16 ní àwọn rí i. Nínú 50 tó gbọ́ “kọlu,” 7. Kò sí gíláàsì kankan níbẹ̀. Nítorí náà, bí oníbàárà bá búra pé òun ti san gbèsè, tí ẹ̀yin náà sì mọ̀ dájú pé kò san án, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yin méjèèjì má purọ́. A máa ń sọ pé ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Òótọ́ ni, torí ohun tó dùn wá máa ń wọlé jinlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó kó o pàápàá lè ṣi iye rẹ̀ kà. Ẹ̀kọ ni ìyá mi ń tà, wọn kò sì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Eédú ni wọ́n fi ń fa ilà gbèsè sára ògiri ilé ìdáná, ilà mẹ́rin, ìkarùn-ún á dábùú wọn, onígbèsè kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀. Iyè wọn mú bí abẹ, síbẹ̀ wọn kò fi gbèsè lé e lọ́wọ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó wá ku ti màmá, tó jẹ́ pé òun gan-an ló ń jẹ yín lọ́kàn. Ẹ̀yin kò sọ pé dókítà ti yẹ̀ wọ́n wò, n kò sì lè fi lẹ́tà sọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Àmọ́ ohun tí ẹ ròyìn yẹn, tí a ń pè ní ṣíṣarán, kì í ṣe ti ọjọ́ orí lásán. Àìsàn ọpọlọ ni, èyí tó sì wọ́pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni ti Alzheimer, tí Alois Alzheimer, dókítà ará Jámánì, kọ́kọ́ ṣàlàyé ní 1906. Agbègbè ẹnu ọ̀nà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni àìsàn náà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí ohun tí wọ́n jẹ láàárọ̀ fi ń lọ, tí ìgbà ọmọge wọn ṣì dúró. Ẹ fi ìyẹn wo bí wọ́n ṣe ń pè yín. Ní inú ọdún tó ṣì kù lórí wọn, ọmọ wọn obìnrin jẹ́ ọmọdé tàbí ọ̀dọ́. Wọ́n wá ń wo obìnrin ẹni ọdún 52 tó jọ ará ilé wọn, tó ń fi ìfẹ́ tọ́jú wọn. Ta ni ìbá tún jẹ́ bí kì í bá ṣe àbúrò wọn? Wọ́n mọ̀ pé ẹni àwọn ni yín. Ẹ má bá wọn jiyàn, ẹ má sì sọ fún wọn lọ́tun-lọ́tun pé àbúrò náà ti kú. Ó lè jẹ́ ọ̀fọ̀ tuntun ni létí wọn.

Bí ẹnikẹ́ni ládùúgbò bá sì ń sọ pé àjẹ́ ló ń mú wọn sọ̀rọ̀ sódì, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ dìde sí i. Mo ti rí ìyá arúgbó tí wọ́n nà nítorí ọ̀rọ̀ tí àìsàn sọ láti ẹnu rẹ̀. Inú mi kò tíì kúrò níbẹ̀ dòní.

Ṣé yóò mú ẹ̀yin náà? N kò lè ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ìlú yín gan-an wà nínú ìdáhùn yìí. Láti 1992 ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn, Ọ̀ṣúntókun tó ti dolóògbé àti Ògúnníyì lára wọn, ti para pọ̀ mọ́ Hugh Hendrie àti àwọn ará Indiana ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ń lọ láti ojúlé dé ojúlé ní Ìdíkàn, wọ́n ń yẹ àwọn tó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wò, wọ́n sì ń fi wọ́n wé àwọn adúláwọ̀ ní Indianapolis. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2001 ni pé nínú 1,000 arúgbó, bíi 13 tàbí 14 ni ṣíṣarán ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn lọ́dún ní Ìbàdàn. Ní Indianapolis, bíi 32. Àbùdá kan tí wọ́n ń pè ní APOE e4, tó ń dá kún ewu yìí gan-an lára àwọn òyìnbó, kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára lára àwọn Yorùbá tí wọ́n yẹ̀ wò. Pé ó mú ìyá kò ní kó mú ọmọ dandan. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, àti etí tó ń di láìtọ́jú jẹ́ ohun tí a lè fọwọ́ kàn, wọ́n sì wà lára ohun tó ń ṣílẹ̀kùn fún un.

Ní ti ara yín, ọdún 52 ni ìgbà tí nǹkan oṣù ń dáwọ́ dúró tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń gbàgbé nǹkan ní àkókò yìí. Ara gbígbóná lóru kì í jẹ́ kí wọ́n sùn, ìyípadà inú ara fúnra rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ó máa ń rọlẹ̀. Ẹ tún ń ṣọ́ màmá lóru. Wákàtí mélòó lẹ ń sùn? Bí kò bá pé mẹ́fà, ibẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ bá àwọn àbúrò yín sọ ọ́ kí wọ́n gba alẹ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́wọ́ yín lọ́sẹ̀. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, kí wọ́n yẹ ṣúgà wò, àti omi ara tó ń ti ọ̀fun wá tí wọ́n ń pè ní thyroid, àti fítámì B12. Àìtó méjèèjì tí mo dárúkọ kẹ́yìn yìí máa ń mú ènìyàn gbàgbé, oògùn wọn sì wà. Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò dání, pàápàá èyí tó ń mú oorun kunni. Bí ọkàn yín bá sì ń bàjẹ́ lójoojúmọ́ láìnídìí, ẹ sọ ọ́ fún dókítà, torí ìbànújẹ́ máa ń gbé iyè pamọ́.

Ohun tó máa mú mi pè yín kíákíá yàtọ̀ sí ohun tí ẹ kọ. Bí ẹ bá sọnù lójú ọ̀nà ilé láti Gbági. Bí ẹ bá di náírà ẹgbẹ̀rún mú, tí ẹ kò mọ ṣéńjì tó kàn. Bí àwọn ọmọ bá ní ẹ bi àwọn ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín wákàtí kan, tí ẹ̀yin sì ń bínú pé ẹ kò bi wọ́n.

Ìsọ̀yè ńkọ́? Kò sí oògùn kan, ti ìbílẹ̀ tàbí ti òyìnbó, tí ẹ̀rí tó dájú ti fi hàn pé ó ń mú kí iyè ẹni tí ara rẹ̀ dá pọ̀ sí i. Ẹ má ná owó ọjà lé e. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọmọ awo tí wọ́n fún ní ìsọ̀yè: wọn kò ní kó lọ sùn. Odù Ifá 256 ló wà níwájú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹsẹ tirẹ̀. Olúwo á ní kó kì í sókè fún òun gbọ́, bó bá ṣì í, á tún un ṣe, lọ́la á tún bi í. Pípè é jáde yẹn ni iṣẹ́ gan-an. Ní 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àyọkà kan. Apá kan tún un kà. Apá kejì pa ìwé dé, wọ́n kọ ohun tí wọ́n rántí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó tún un kà ló mókè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó yí padà: àwọn tó pè é jáde rántí ìdá 56 nínú 100, àwọn tó tún un kà, 42.

Nítorí náà, bí oníbàárà tuntun bá dárúkọ, ẹ fi orúkọ náà dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Bó bá lọ tán, ẹ tún pè é, ẹ wo ojú rẹ̀ lọ́kàn yín. Ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ tó ti ìsọ̀, ẹ ka àwọn tó wá lónìí láìwo ìwé, lẹ́yìn náà ni kí ẹ ṣí ìwé wò. Ẹ tún ṣe é lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.

Oríkì tí ẹ sọ yẹn, ìyá tó bí màmá ló kọ́ yín. Òun náà ló ti kọ́kọ́ kọ́ màmá. Ní alẹ́ òní, ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ di ọwọ́ wọn mú, ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ohùn tí ìyá àgbà fi ń kì í. Bí ẹ bá dé àárín ìlà kan, ẹ dákẹ́, ẹ sì dúró dè wọ́n.